Oúnjẹ Àárín Ìlú Méjì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ náà ló wà nílẹ̀ yìí. Mo kàn yọ ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kúrò níbẹ̀ ni. Òjòkú ni mo wà bí mo ṣe ń gba ohùn yìí sílẹ̀, lágbègbè Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ibi tí mo wà yìí kan ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ.

Hàíkì ti wọ ìgboro. Ẹ ò lè ṣí Instagram lọ́jọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ má rí ẹnì kan lórí òkè Ìdànrè tàbí nídìí omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Èyí téèyàn bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tó sì ti délé lálẹ́ kì í ṣe ìṣòro. Àmọ́ àwọn kan ti ń ṣe ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Àwọn kan ń lọ títí dé Gashaka-Gumti, níbi tí Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Ìbéèrè tó sì ń wọlé sí mi jù kì í ṣe ti bàtà, kì í ṣe ti àgọ́. Ti oúnjẹ ọ̀sán ni. "Ẹ̀gbọ́n, kí la máa jẹ lọ́sàn-án tí kò ní wúwo, tí kò ní bàjẹ́, tó sì máa dùn lẹ́nu?" Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà. Mo ní ta ló máa ru kúlà náà. Kò tíì fèsì.

Ìtàn niṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe ògbóǹtarìgì nínú gígun òkè. Ṣùgbọ́n ìtàn mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Kí rélùwéè tó dé, kí mọ́tò tó dé, ìrìn ọlọ́jọ́ gbọọrọ kì í ṣe fàájì nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ni. Alájàpá ń rìn, aláàárù ń rìn, ọmọ ogun ń rìn, ìránṣẹ́ ọba ń rìn. Ẹrù wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ọ̀nà kò sì ju ipa ẹsẹ̀ tóóró nínú igbó lọ. Àwọn èèyàn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jẹun ọ̀sán. Ohun tí wọ́n jẹ kò tíì lọ kúrò láàárín wa. Ó wà nínú náílọ̀nù tí wọ́n ń na wọlé sí yín lójú fèrèsé mọ́tò ní gáréèjì. A kàn ń pè é ní ìpanu ni, ìyẹn sì ni kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ọjọ́ ìrìn kan ṣe ń lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, òyìnbó ará Scotland kan, Hugh Clapperton, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kúrò ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander àti àwọn mìíràn. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826 ni wọ́n wọ Ọ̀yọ́-Ilé, ibùjókòó Aláàfin. Nínú ìwé tó kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun kan ń tún ara rẹ̀ sọ: wọ́n dé ìlú kan, baálẹ̀ tàbí ọba ìlú yóò gbà wọ́n lálejò, yóò sì fi iṣu, adìẹ, àgùntàn tàbí ewúrẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó kún fún ìlú ni wọ́n ń là kọjá. Tílẹ̀ bá ṣú, ìlú wà. Tílẹ̀ bá mọ́, ọjà wà nínú ìlú náà, ẹlẹ́kọ wà, alákàrà wà. Òyìnbó tàbí ọmọ onílẹ̀, kò sẹ́ni tó níláti kó oúnjẹ alẹ́ rù láti ilé tirẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ló kù. Ọ̀sán ni ìgbà tí èèyàn wà láàárín ìlú méjì. Ìlú tó ti kúrò ti jìnnà sẹ́yìn, èyí tó ń lọ kò tíì yọ. Ó lè rí obìnrin kan tó gbé igbá kalẹ̀ sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì lè má rí i. Nítorí náà, oúnjẹ tí èrò ọ̀nà gbọ́dọ̀ rù gan-an, ti ọ̀sán ni, òun sì lẹni tó ń rù ú kò ní àyè fún. Nígbà tí àwọn amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláàárù síṣẹ́, nǹkan bíi kìlógírámù 27 ni wọ́n ń kà sí ẹrù orí èèyàn kan. Ẹ fi àpò ìrẹsì sọ́kàn, kẹ́ ẹ yọ ìdajì rẹ̀, ẹ gbé e lérí, kẹ́ ẹ wá rin kìlómítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Kí lẹ tún fẹ́ fi lé e?

Ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, torí ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn jẹ́ kó dà bí oúnjẹ tá a ṣe fún ìrìn. Àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ. Téèyàn bá ru ẹ̀kọ mẹ́wàá, omi ló rù. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ dùn, ó ń yó èèyàn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àná ni wọ́n sè é, tí oòrùn sì ti pa á lónìí, imú yín ló máa sọ fún yín. Iṣu kò ní í bàjẹ́, ó wúwo bí òkúta, ó sì ń fẹ́ iná. Èlùbọ́ fúyẹ́, ó gbẹ, ó lè lo oṣù púpọ̀. Òun ni ì bá gbégbá orókè tí kì í bá ṣe pé ó ń fẹ́ ìkòkò, omi gbígbóná, omorogùn àti ọbẹ̀.

Iná ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí pé òun ni ọ̀rọ̀ náà fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Lónìí, tí ẹ kò bá fẹ́ dáná lórí òkè, ó lè jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ru sítóòfù ni. Ní ọ̀rúndún 19, èéfín ń sọ ibi téèyàn wà. Ọ̀yọ́-Ilé tú, ogun ń lọ káàkiri, àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú sì wà nínú igbó. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé ni ní ọdún 1821 nígbà tí wọ́n kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní ọdún 1837. Ó ní wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ní nǹkan bíi aago mẹ́sàn-án, nígbà tí ìròyìn dé pé ọ̀tá ti sún mọ́ ìlú. Gbogbo ohun tó tẹ̀lé e nínú ayé rẹ̀, okùn lọ́rùn, ìrìn lọ sí Ìsẹ́yìn, ọjà ẹrú kan sí òmíràn, títí dé inú ọkọ̀ ojú omi, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò ṣì wà lórí iná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọgbọ́n ńlá ló wà nínú oúnjẹ tá a lè fi ọwọ́ kan bù sẹ́nu, láìdúró, láìdáná, kí ẹsẹ̀ sì máa lọ.

Àwọn ọmọ ogun pàápàá mọ̀ ọ́n. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ogun nígbà náà. Kálukú ló ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ó dárúkọ àkàrà kuru, àkàrà líle gbígbẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe. Ẹ má fi wé àkàrà tó rọ̀ mújẹ́mújẹ́ láàárọ̀ Sátidé o. Èyí jẹ́ èyí tí wọ́n ti mú omi kúrò nínú rẹ̀ kó lè pẹ́ nínú àpò. Ogun Èkìtìparapọ̀, tá a tún ń pè ní Kírìjì, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, tí Ọ̀fà sì ṣubú ní 1890. Gbogbo ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ tí mo jókòó sí yìí ló fara gbá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rìn láti abúlé kan dé èkejì nígbà náà, kì í ṣe oúnjẹ tó máa dùn jù ló kọ́kọ́ ń rò.

Síbẹ̀ ó dùn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àádùn. Ìyá àgbà kan níbí jẹ́ kí n jókòó tì í nígbà tó ń ṣe é. Àgbàdo gbígbẹ ló yan nínú agbada, kò da epo sí i, kò da omi sí i, ó kàn ń rò ó títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo àgbàlá, tí hóró rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní bí iná bá pọ̀ jù, yóò korò. Bí kò bá sì yan dénú, kò ní pẹ́ tó fi máa hu. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ó wá fi epo pupa, iyọ̀ àti ata gbígbẹ pò ó, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń dì mọ́ra tí èèyàn bá fún un lọ́wọ́. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo mu omi, n kò sì wá oúnjẹ mọ́ títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú agbada yẹn? Yíyan lé omi jáde kúrò nínú àgbàdo, ó sì sè é tán. Níbi tí omi kò bá sí, ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ kò rí ibi dúró. Epo wá rọ́pò omi. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 9. Gíráàmù sítáàṣì kan, 4. Gíráàmù omi kan, òdo. Nítorí náà bí ẹ bá yọ omi tẹ́ ẹ fi epo sí i, ẹrù dín kù, agbára pọ̀ sí i. Iyọ̀ ń dá ohun tí òógùn gbé lọ padà. Ata ń jẹ́ kó ṣeé jẹ lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ẹnu ti sú oúnjẹ kan náà. Kò sí ẹni tó fi kálórì ṣàlàyé èyí fún ẹni tó kọ́kọ́ po àádùn. Ẹsẹ̀ àti orí tó ru ẹrù ló kọ́ wọn.

Àgbàdo náà pàápàá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Mexico ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kó tó gba ojú òkun dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ sì wo ohun tí mo rí: àwọn Rarámuri, tó ń gbé lórí òkè ní àríwá Mexico, tí gbogbo ayé mọ̀ fún eré sísá ọ̀nà jíjìn, máa ń yan àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé e lọ́wọ́ ní ìrìn. Pinole ni wọ́n ń pè é. Ní Tibet, ọkà báálì ni wọ́n ń yan tí wọ́n ń lọ̀, wọ́n á fi bọ́tà pò ó, tsampa nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ àríwá Amẹ́ríkà ń gún ẹran gbígbẹ mọ́ ọ̀rá, wọ́n ń pè é ní pemmican. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò bá ara wọn ṣèpàdé. Ọ̀nà jíjìn kọ́ kálukú, ó sì kọ́ gbogbo wọn ní nǹkan kan náà.

Róbó àti kúlíkúlì tún gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀gúsí ni róbó, ẹ̀pà ni kúlíkúlì. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún epo inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí ohun tó kù, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á wá dín in títí yóò fi le. Epo tí wọ́n fún jáde wúlò nínú ilé, ohun líle tó kù sì wúlò lọ́nà. Amáralókun pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀pà lásán, kí wọ́n tó fún epo rẹ̀ jáde, ní tó gíráàmù 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ràn róbó ju kúlíkúlì lọ, ẹ má bínú sí mi. Kúlíkúlì kan wà tí mo jẹ rí tó fẹ́ kán mi léyín.

Ibi tí agbègbè yìí ti wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ìlọrin ní ọ̀rúndún 19 jẹ́ ọjà ńlá níbi tí ẹrù láti òkè ọya ti ń pàdé ẹrù láti ìsàlẹ̀. Oúnjẹ ọ̀nà náà pàdé níbẹ̀. Àwọn Haúsá àti Nupe gbé kúlíkúlì, dọ̀ǹkùwá àti kílíṣí wá. Dọ̀ǹkùwá, àgbàdo tàbí ọkà mìíràn tí wọ́n lọ̀ mọ́ ẹ̀pà àti ata, tí wọ́n mọ bí ọmọ ayò ńlá, ìbátan àádùn gan-an ni. Ẹ̀pà ló rọ́pò epo pupa. Kílíṣí jẹ́ ẹran tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí oòrùn gbẹ, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti èròjà ra, kí wọ́n tó fi iná yan án. Láti gúúsù ni àádùn, róbó, kókóró àti dòdò Ìkirè ti ń gòkè. Ẹni tó bá dúró ní Ọ̀fà lónìí tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti na ọwọ́ kan sí Kano, ó ti na èkejì sí Ìkirè. Obì náà wà níbẹ̀: bàbá àgbà tó ń jẹ obì lọ́nà kò purọ́ pé ó ń lé oorun àti ebi, torí káféènì inú kọfí ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó ti máa bi mí pé gàrí ńkọ́? Gàrí kì í ṣe àgbà nínú wọn. Gbágùúdá wá láti Amẹ́ríkà bí àgbàdo, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ó sì gba kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, kí wọ́n tó yan án. Àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ náà kálẹ̀. Nígbà tó dé, ó borí. Ó gbẹ, ó fúyẹ́, omi tútù ti tó o. Tó bá kan omi, ó wú, ikùn kún. Ẹnì kan ṣoṣo tí gàrí lè dójú tì ni ẹni tí kò mọ ibi tí omi wà lọ́nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìbéèrè yín lóhùn ní tààrà, kí n má fi ìtàn sá fún un. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, dòdò Ìkirè ni màá fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kìíní, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni, ó rọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀, òun ni kò yẹ kó pẹ́ jù nínú báàgì. Ọjọ́ kejì, àádùn, pẹ̀lú kílíṣí díẹ̀. Ọjọ́ kẹta, gàrí, ẹ̀pà àti róbó, bí mo bá ti mọ̀ pé odò tàbí kànga kan wà tí màá kọjá, kí n sì rí ọ̀nà láti se omi náà tàbí láti fi oògùn sí i. Ẹ pín in sí náílọ̀nù kéékèèké, ti ọjọ́ kan lọ́tọ̀, kó má jẹ́ pé ọrinrin wọ ọ̀kan tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ tọ́ ẹ̀pà àti kúlíkúlì wò kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó bá ń rùn bí àṣọ tó wà nínú ọrinrin, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Búrẹ́dì? Afẹ́fẹ́ lẹ rù, ẹ ó sì jókòó lé e kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tó ń kiri aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé láti ìparí ọ̀rúndún 19 lọ, wà lára àwọn tó gbẹ́yìn tí ìrìn ẹsẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún. Òṣó tí wọ́n máa ń lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè títí yóò fi sanwó ló sọ wọ́n lórúkọ. Mo máa ń rò ó pé onígbèsè náà mọ̀ pé ebi kò ní tètè lé ọkùnrin yìí padà sílé.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Ó ti dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907. Ní 1908 ó dé Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ìrìn tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ìjókòó lórí àga. Àwọn obìnrin tó ń tà lábẹ́ igi kó igbá wọn lọ sí ìdí rélùwéè, nígbà tó sì yá, sí gáréèjì. Oúnjẹ náà kò yí padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Ohun tó ń gbé aláàárù dé ìlú kejì di ohun tá à ń fi pa ẹnu lára nínú mọ́tò. A gbàgbé pé oúnjẹ ni. Ní báyìí, tí àwọn ọ̀nà kan ní gúúsù Kwara tún ti di ibi téèyàn ń béèrè kó tó gbà á, torí àwọn ajínigbé, ó ṣe mí bíi pé a sún mọ́ àwọn èrò ọ̀nà ìgbà yẹn ju bá a ṣe rò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ rìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú kẹ́ ẹ tó wọ igbó.

Ní Òjòkú níbí, orí àwo ìsọmọlórúkọ ni mo ti rí àádùn kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin àti iyọ̀. Wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n gbàdúrà, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan bù díẹ̀. Èyí tó kù pọ̀. Ìyá tó pò ó fi ewé dì í fún mi, ó ní mo lè gbé e dé Èkó, ọ̀sẹ̀ kan kò ní ṣe é ní nǹkan kan, kí n ṣáà má jẹ́ kí omi kàn án.